Ẹni Tó Jìyà Ló Lè Túmọ̀ Rẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ wa láti orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, ẹ̀yin gan-an ni ọ̀rọ̀ tòní kàn jù.

Ìbéèrè kan wà tí ìyà kì í jẹ èèyàn dójú ẹ̀ kó má béèrè. Onígbàgbọ́ ń béèrè rẹ̀, Mùsùlùmí ń béèrè rẹ̀, ẹni tó ń bọ òrìṣà náà ń béèrè rẹ̀: kí ni mo ṣe? Kí ló dé tó fi jẹ́ èmi? Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé àwa tí nǹkan kò ṣe la máa ń ní ìdáhùn lápò. Kí aláìsàn tó la ẹnu, a ti mọ ìdí tí Ọlọ́run fi fi àìsàn náà dá a lára. Èmi kò gbà pé ó yẹ bẹ́ẹ̀, mo sì fẹ́ fi ìgbésí ayé ọmọ Yorùbá kan ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Ọkùnrin yìí jìyà, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ohun tójú rẹ̀ rí sílẹ̀. Ajayi ni orúkọ rẹ̀. Ayé mọ̀ ọ́n sí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther.

Ọ̀ṣóògùn, lágbègbè Ìsẹ́yìn ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ òde òní, ni ìlú rẹ̀. Lọ́dún 1821, kò ju ọmọ nǹkan bí ọdún 13 lọ. Agbára Ọ̀yọ́ Ilé ti ń tú nígbà yẹn, ogun sì ń jà káàkiri. Wọ́n ń se oúnjẹ àárọ̀ lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan ni ariwo ta pé ogun ti dé. Àwọn jagunjagun Mùsùlùmí láti Ọ̀yọ́, àwọn Fúlàní, àtàwọn ẹrú tó ti sá kúrò lọ́dọ̀ olówó wọn ló kóra jọ wá. Bàbá Ajayi sáré wọlé, ó ní kí ìyàwó àtàwọn ọmọ máa sá lọ, ó sì yíjú padà sójú ìjà. Àrímọ nìyẹn láàárín bàbá àti ọmọ. Ẹ̀yìn náà ni Ajayi gbọ́ pé bàbá òun kú sójú ogun.

Ìyá kó àwọn ọmọ dà sínú igbó. Ọwọ́ tẹ̀ wọ́n níbẹ̀. Okùn ni wọ́n fi so wọ́n lọ́rùn, tọmọdé tàgbà, wọ́n ń dà wọ́n lọ bí ẹni ń da ewúrẹ́. Nígbà tí wọ́n dé Ìsẹ́yìn, wọ́n pín wọn bí wọ́n ṣe ń pín ẹrù ogun: ìyá sọ́tọ̀, ọmọ sọ́tọ̀. Wọ́n fi Ajayi pààrọ̀ ẹṣin. Nígbà tó di nǹkan bí oṣù méjì, ẹni tó gba ẹṣin ní ẹṣin náà kò tẹ́ òun lọ́rùn, ó dá a padà, ó sì gba Ajayi padà. Ẹ ò rí i, bí ọjà tí wọ́n rà tí kò wọ̀. Wọ́n mú un kúrò níbẹ̀ lọ sí ìlú mìíràn, ó sì bá ìyá rẹ̀ pàdé níbẹ̀. Wọ́n jọ wà fún oṣù mẹ́ta. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, láìsí ìdágbére, wọ́n dè é lọ́wọ́, wọ́n sì mú un lọ sọ́nà Ìjàyè láti tún un tà.

Ẹ jẹ́ kí n rọra sọ èyí tó kàn. Ajayi gbọ́ pé obìnrin tó rà á fẹ́ lọ tà á fáwọn Potogí létí òkun. Ẹ̀rù Potogí bà á ju ẹ̀rù ikú lọ. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ pé òun gbìyànjú láti gba ẹ̀mí ara òun lóru, kì í sì í ṣe lóru ẹyọ kan, ṣùgbọ́n àyà òun kò gbà á. Ó tún gbèrò pé tí wọ́n bá ti ń fi ọkọ̀ gbé òun kọjá odò, òun yóò bẹ́ sómi. Wọ́n ti tà á fún ẹlòmíràn kí wọ́n tó dé odò náà.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan ń gbọ́ mi báyìí tí irú èrò bẹ́ẹ̀ ń wá sí lọ́kàn. Ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dá gbé èrò yẹn sùn lálẹ́ òní. Ẹ pe ẹ̀gbọ́n yín, ẹ pe ọ̀rẹ́, ẹ sọ ọ́ fún dókítà. Kò túmọ̀ sí pé ẹ kò nígbàgbọ́, kò sì túmọ̀ sí pé orí yín burú. Ẹni tó padà wá di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ìjọ Áńgílíkà fi joyè bíṣọ́ọ̀bù ti wà níbi tí ẹ wà yẹn rí.

Ó dé Èkó, Potogí sì rà á nígbẹ̀yìn. Wọ́n kó o pẹ̀lú ẹrú tó lé ní 180 sínú ọkọ̀ kan. Ọkọ̀ náà kò tíì rìn jìnnà rárá lóṣù kẹrin ọdún 1822 tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣọ́ òkun mú un. Ẹ má rò pé inú wọn dùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ o. Nígbà tí wọ́n kó àwọn ọmọkùnrin náà sínú ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n rí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n so kọ́, wọ́n rí ọta àgbá rogodo-rogodo tí wọ́n tò jọ. Wọ́n ní ó parí: ẹran ara èèyàn rèé, orí èèyàn sì nìwọ̀nyí! Ìgbà tí wọ́n sún mọ́ ọn tí wọ́n rí i pé irin ni lọ́kàn wọn tó balẹ̀. Ọkọ̀ náà gbé wọn lọ sí Sàró, ibẹ̀ ni Ajayi ti kọ́ ìwé, tó sì gba Jésù gbọ́. Lọ́jọ́ 11, oṣù kejìlá, ọdún 1825, ó ṣe ìrìbọmi.

Lọ́dún 1837, ó kọ lẹ́tà sí àlùfáà kan tó jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì C.M.S. ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, William Jowett, ó sì ròyìn gbogbo ohun tí mo ń sọ bọ̀ yìí. Inú lẹ́tà náà ló ti sọ pé ọjọ́ burúkú ni ọjọ́ tí wọ́n kó òun lẹ́rú, àmọ́ lọ́nà mìíràn, òun ti kọ́ láti máa pè é ní ọjọ́ ìbùkún, torí ibẹ̀ ni Ọlọ́run gbà mú òun jáde kúrò nínú àìmọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ àwọn oníwàásù lẹ́nu. Mo ti gbọ́ ọ lórí pẹpẹ láìmọye ìgbà, wọ́n á ní ẹ ò rí i bí Ọlọ́run ṣe ń sọ ìbànújẹ́ di ayọ̀!

Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọdún tó wà lórí lẹ́tà náà. Láti 1821 dé 1837 jẹ́ ọdún 16. Ọmọ tí wọ́n so lókùn ti di ọkọ, ó ti di bàbá ọlọ́mọ, ó ti di olùkọ́. Ohun tó kọ kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni sọ fún un lójú ọ̀nà Ìsẹ́yìn. Ká ní èèyàn kan yọ sí i níbẹ̀, tí okùn ṣì ń ha á lọ́rùn, tó ní, “Má sunkún, ọmọ mi, ọjọ́ ìbùkún rẹ rèé,” kí lẹ máa pe irú ẹni bẹ́ẹ̀? Èmi á pè é ní òṣìkà, bó ti wù kí ìmọ̀ Bíbélì rẹ̀ jinlẹ̀ tó. Ajayi nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ gbólóhùn yẹn, kò sì sọ ọ́ títí tí ojú ọgbẹ́ fi san. Kódà nígbà tó sọ ọ́, kò pa burúkú ọjọ́ náà rẹ́. Ó ní ó burú, ó sì ní ìbùkún wà níbẹ̀. Ó fi méjèèjì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Bàbá rẹ̀ ńkọ́? Ta ni yóò túmọ̀ ikú ẹni tó padà sójú ìjà kí ọmọ rẹ̀ lè ráyè sá? Àwọn tó kú sójú ọ̀nà, àwọn tí ọkọ̀ mìíràn gbé dé Brazil àti Cuba tí ọkọ̀ ogun kankan kò lé bá, ta ló kọ lẹ́tà tiwọn? Ìtumọ̀ tí Ajayi rí sí ìyà tirẹ̀ kò bo tiwọn mọ́lẹ̀. Mi ò rò pé òun náà fẹ́ kó bò ó.

Lóṣù kẹjọ ọdún 1846, òun àtàwọn míṣọ́nnárì ẹgbẹ́ rẹ̀ dé Abẹ́òkúta. Kò tíì pé oṣù kan tó dé tí ìròyìn fi kan ìyá rẹ̀, tí ìyá sì wá bá a. Ọdún 25 ni wọn kò ti fojú kanra. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn iṣẹ́ rẹ̀ pé ṣe ni ìyá òun ń gbọ̀n. Wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń wo ara wọn, kò sẹ́ni tó lè sọ̀rọ̀. Omijé ń ṣàn lẹ́rẹ̀kẹ́ ìyá tó ti gbẹ. Nígbà tó yá ló bẹ̀rẹ̀ sí í pè é láwọn orúkọ tí ìyá àgbà máa ń pè é nígbà tó wà ní kékeré. Mo máa ń ronú nípa ìyá yìí ju ọmọ rẹ̀ lọ. Òun náà ti ṣẹrú, ó ti pàdánù ọkọ, wọ́n ti já ọmọ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Kò kọ lẹ́tà sẹ́nikẹ́ni. Lọ́dún 1848, ó ṣe ìrìbọmi, wọ́n sì sọ ọ́ ní Hánà, orúkọ ìyá Sámúẹ́lì inú Bíbélì.

Àwọn aláwọ̀ funfun kan wà láyé ìgbà yẹn tí wọ́n ń sọ pé òwò ẹrú kò burú tó bẹ́ẹ̀, ṣebí òun ló ń gbé àwọn aláwọ̀ dúdú dé ibi tí ìhìnrere wà. Tí ẹ bá fetí lásán gbọ́ ọ, á jọ ohun tí Ajayi kọ. Àmọ́ ẹ wo ohun tí ọkùnrin yìí fi ọwọ́ ṣe. Lọ́dún 1851, ó rìnrìn àjò lọ sí ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ó rí Ọbabìnrin Victoria, ó rí Lord Palmerston tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, ó sì ṣàlàyé fún wọn bí òwò ẹrú ṣe ń jà rànyìn ní Èkó àti ìdí tó fi yẹ kí wọ́n fòpin sí i. Ẹni tó ní Ọlọ́run bá òun pàdé lóko ẹrú ni ẹni tí kò fẹ́ kí ọmọ kankan tún dé ibẹ̀ mọ́. Kò fi ọwọ́ lẹ́rán kó ní, “Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa kó wọn, wọ́n á rí Jésù lọ́hùn-ún.” Ibi tí mo ti ń mọ ìgbàgbọ́ tó wo ìyà lójú yàtọ̀ sí èyí tó ń fi ìyà ṣe àwáwí nìyẹn.

Kò sì di kùnrùngbùn sáwọn ẹlẹ́sìn tí wọ́n kó o lẹ́rú. Lọ́dún 1872, nígbà tó ti di bíṣọ́ọ̀bù, ó lọ sí Ìlọrin, ó jókòó láàfin Ẹ́míà, wọ́n jọ sọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ní pẹ̀lẹ́tù. Ẹni tó bá mọ ipa tí Ìlọrin kó nínú àwọn ogun ìgbà yẹn á mọ̀ pé ìrìn yẹn kì í ṣe ìrìn àrìngbádùn.

Ẹ jẹ́ ká kúrò lọ́dọ̀ Ajayi ná, ká wá sí ilé wa. Ẹ̀yin tí ẹ ti ka ìwé Jóòbù, ẹ rántí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n wá kí i. A máa ń bú wọn gan-an. Ṣùgbọ́n ohun rere kan wà tí wọ́n ṣe tí a kì í kà sí: nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dé, wọ́n jókòó tì í nílẹ̀ fún ọjọ́ méje, tọ̀sán-tòru, ẹnì kan kò la ẹnu. Wọn ìbá dákẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀rẹ́ gidi ni wọn ìbá jẹ́. Ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ àlàyé lọ̀rọ̀ bàjẹ́: o ti ní láti ṣẹ̀, Ọlọ́run kì í fìyà jẹ aláìṣẹ̀, ronú pìwà dà. Nígbà tí Ọlọ́run yóò dá sí i, àwọn aláàlàyé yìí ni inú bí i sí. Jóòbù tó pariwo, tó jiyàn, tó fi ọjọ́ ìbí ara rẹ̀ ré, òun ni Ọlọ́run dá láre.

Àwa ńkọ́? A ò lè jókòó ìṣẹ́jú méje. Obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ọmọ, a ní ìdánwò ni. Wọ́n ní jẹjẹrẹ ló ń ṣe bàbá kan, a ní kó yẹ ara rẹ̀ wò, bóyá ó ń jẹ ìdámẹ́wàá Ọlọ́run. Ẹlòmíràn á ní ayé ló wà nídìí ẹ̀, á sì fi ojú júwe ìyá ọkọ. À ń fi ọ̀rọ̀ dí ọwọ́ òfìfo tí a gbé wá, a sì ń pè é ní ìtùnú.

Ẹ̀yin Mùsùlùmí náà mọ ọkùnrin yìí, Ànábì Ayyúbà lẹ ń pè é, òun sì lẹ fi ń ṣàpèjúwe sùúrù. Mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí bí Àlùkùráánì ṣe sọ ìtàn rẹ̀: kò dákẹ́. Ó ké pe Olúwa rẹ̀ pé ìnira ti bá òun. Olúwa kò sì dá a lóhùn pé kó lọ fara dà á. Ó ní kó fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀, omi tútù sì jáde fún un láti wẹ̀ àti láti mu. Sùúrù àti ìwòsàn kì í ṣe ọ̀tá ara wọn. Lọ́dọ̀ àwọn onífá pàápàá, tí wọ́n gbà pé èèyàn yan ìpín rẹ̀ lọ́run, babaláwo kì í gbọ́ ẹjọ́ aláìsàn tán kó ní, “Bí o ṣe yàn án nìyẹn, máa lọ sílé.” Á sọ ohun ṣíṣe fún un.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ta kókó sí wa lára jù ni ọdún 1918, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn ìfúlúẹ́ńsà ń pa èèyàn kárí ayé, tó sì dé ilẹ̀ wa. Nínú ìjọ Áńgílíkà kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn kan kóra jọ gbàdúrà, Joseph Ṣadare wà lára àwọn aṣáájú wọn. Inú ìpéjọ náà ni ọ̀kan nínú gbòǹgbò àwọn ìjọ Aládùúrà ti hù. Ìyà ló lé wọn dórí eékún, wọ́n sì bá Ọlọ́run níbẹ̀. Mi ò lè fi ìyẹn ṣẹ̀sín láé. Ṣùgbọ́n wọ́n tún pinnu pé àwọn kò ní lo oògùn kankan mọ́, ì báà jẹ́ ti ìbílẹ̀ tàbí ti òyìnbó. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé ní nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn náà, nígbà tí wọ́n rí i pé àwọn míṣọ́nnárì òyìnbó tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ń lo kuiníìnì sí ibà, ó wà lára ohun tó tú wọn ká. Níbí, mi ò bá wọn lọ. Ẹni tó bá yàn án fún ara rẹ̀, òun àti Ọlọ́run rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba oògùn lẹ́nu ọmọ tí ibà ń ṣe ti fi ara ọmọ náà kọ́ ẹ̀kọ́ ìsìn tí ọmọ náà kò yàn.

Mo fẹ́ padà sọ́dọ̀ Ajayi, torí ìyà tó jẹ ẹ́ kẹ́yìn ni a kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí pẹpẹ. Lọ́dún 1864 ni wọ́n fi í joyè bíṣọ́ọ̀bù, ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún dá ìjọ sílẹ̀ létí Odò Ọya, òun pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ ọmọ Áfíríkà. Nígbà tó ti lé ní ẹni 80 ọdún, àwọn míṣọ́nnárì òyìnbó kan dé, ọ̀dọ́mọdé ni wọ́n. Wọ́n ní iṣẹ́ tó ṣe kò dára, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò mọ́. Níbi ìpàdé ìgbìmọ̀ kan tí wọ́n ṣe ní Onitsha lóṣù kẹjọ ọdún 1890, wọ́n ń dá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dúró lójú rẹ̀, bí ẹni pé kò sí níjókòó. Bàbá arúgbó náà kọ̀wé fipò sílẹ̀ nínú ìgbìmọ̀ náà. Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn oṣù kejìlá ọdún 1891, ó kú ní Èkó. Òyìnbó ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀.

Ikú kò fún un ní ọdún 16 mìíràn tí ì bá fi wẹ̀yìn wo ìyẹn. Mi ò ní bá a túmọ̀ rẹ̀. Lọ́dún 2014, nígbà tó pé 150 ọdún tí wọ́n fi í joyè, Justin Welby tó jẹ́ Olórí Bíṣọ́ọ̀bù Canterbury nígbà náà dúró nínú kàtídírà tí wọ́n ti fi í joyè, ó sì tọrọ àforíjì fún ohun tí ìjọ ṣe sí i. Ìyẹn ló tọ́. Ẹni tí èèyàn fìyà jẹ kì í wá ìwàásù, kí ẹni tó jẹ ẹ́ níyà jẹ́wọ́ ló ń wá.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ lọ kí aláìsàn tàbí ọlọ́fọ̀ lọ́la, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé oúnjẹ dání. Ẹ béèrè oògùn tó kù tí wọn kò tíì rà. Ẹ bá wọn fọ abọ́, ẹ bá wọn mú àwọn ọmọ lọ sílé ìwé. Tó bá fẹ́ sunkún, ẹ jẹ́ kó sun ún. Tó bá ní kí ẹ gbàdúrà, ẹ gbà á, kó má gùn. Tó bá bi yín pé kí ló dé tó fi jẹ́ òun, ẹ sọ fún un pé ẹ kò mọ̀, kí ẹ sì tún jókòó tì í. Bí ó bá di ọdún mélòó kan tó wá pè yín, tó ní òun ti rí ohun tí Ọlọ́run fi ọ̀rọ̀ náà ṣe láyé òun, ẹ gbé àga súnmọ́ ọn, kí ẹ gbọ́ ọ dáadáa, torí òun ló ni ín láti sọ.